Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Ka Ewéko ní Lekki

Okùn gbọọrọ, èèkàn mẹ́rin, tépù ìwọ̀n, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti pẹ́ńsùlù: báàgì kan ṣoṣo gba gbogbo irinṣẹ́ onímọ̀ àwùjọ ewéko. Pẹ́ńsùlù ni o, kì í ṣe báírò, torí omi kì í fọ ohun tí pẹ́ńsùlù bá kọ. Ẹni tó bá rí i lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lè rò pé owó rẹ̀ ló sọnù. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, bí ti agbẹ́gilére, ó sì yẹ ká wò ó bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó, mi ò mọ ibi tó dára tó Lekki Conservation Centre fún irú iṣẹ́ yìí. Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990, hẹ́kítà 78 ni. Afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 ló ń fa èrò. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ilẹ̀ ni onímọ̀ ewéko ń wò ní tirẹ̀. Ní àbàtà etí òkun, bí ilẹ̀ bá fi díẹ̀ ga ju ìyókù lọ, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ á yí padà. Ojú oró àti òṣíbàtà, tí a fi ń ṣàdúrà ìlékè, ló ni ojú omi. Ògùrọ̀ ló ni ibi tí ẹrẹ̀ kì í ti í gbẹ. Níbi tí iyanrìn bá ti gbẹ, koríko gba ilẹ̀.

Onímọ̀ ewéko kì í yan ibi tó wù ú. Bó bá yàn án, ojú á fà á lọ síbi tó lẹ́wà, irọ́ ti wọ iṣẹ́ nìyẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n ṣà láìwojú ẹnikẹ́ni ló ń sọ ibi tí yóò na okùn sí. Bí nọ́ńbà bá ní inú ẹ̀gún ni, inú ẹ̀gún ni. Láàárín koríko, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, ti tó. Á kúnlẹ̀ ní igun kan, á fọwọ́ ya koríko sọ́tùn-ún sósì, á máa kà: èyí tó ga, èyí tó ń fà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tó ní ewé méjì péré. Ibí yìí ni mo ti gbà fún àwọn onímọ̀ yìí. Ọmọ igi kì í sábà jọ ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn gan-an ló ń sọ irú igbó tí ibẹ̀ máa dà.

Igi ńlá ní tirẹ̀, mítà 1.3 sókè ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi tépù yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà, igi etí ọ̀sà tó fi gbòǹgbò gbé ara rẹ̀ sókè kúrò nínú ẹrẹ̀, òkè gbòǹgbò tó ga jù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí igi kò bá tanná, tí kò so, onímọ̀ náà á fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀ díẹ̀: wàrà funfun ló ń tú jáde lára ahùn. Á rún ewé, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé e sójú oòrùn. Èyí tí kò bá dá mọ̀, á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, á dì í pinpin, á sì kọ àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bó bá gbẹ tán, àwọ̀ náà lè ṣá. Forest Herbarium n'Ìbàdàn lè fi í wé àwọn tó ju 100,000 lọ tí wọ́n ti kó jọ síbẹ̀. Ìwé orúkọ ewéko lédè Yorùbá tí Z. O. Gbile ṣe lọ́dún 1984 ṣì ń wúlò. Ìyá eléwé ọmọ lọ́jà Ajah náà sì lè dá ewé mọ̀ kí ọ̀mọ̀wé tó ṣí ìwé.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo kíkà yìí ṣe? Lọ́dún 1916, Frederic Clements ní Amẹ́ríkà sọ pé àwùjọ ewéko dà bí ara kan ṣoṣo. Lọ́dún 1926, Henry Gleason ta kò ó: ó ní kálukú ló wá fúnra rẹ̀, ibi tí omi àti ilẹ̀ bá ti bá a lára mu ló jókòó sí. Lekki àti Ajah lè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Iyanrìn ni wọ́n ń dà sórí àbàtà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Lórí iyanrìn tuntun yẹn, ta ló kọ́kọ́ dé? Ṣé ewé Akíntọ́lá ni, àjèjì tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá gba oko wa, àbí koríko ìbílẹ̀? Èwo ló ń lé èwo? Àfi ẹni tó bá ń padà sí ìdí èèkàn kan náà lọ́dọọdún ló lè sọ.

Iṣẹ́ ọdún méjì, mẹ́ta nìyẹn fún ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò tíì ríṣẹ́ olùkọ́: ohun tí wọ́n ń pè ní postdoc. Owó oṣù, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, àti àyè láti tẹjú mọ́ nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa ó ṣọ̀wọ́n. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ń wá a lọ. Jámánì ní èyí tó ń jẹ́ orúkọ Alexander von Humboldt, ẹni tó kọ̀wé lọ́dún 1807 lórí bí ewéko ṣe ń yí padà láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ti Ajah?

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ wà lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sórí àbàtà yìí, ẹ dá owó postdoc kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ẹ̀ka Botany ní Yunifásítì Èkó. Ẹ má ṣe é ní ti oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn.