Ta Ló Ta Gìtá Yẹn?

Nínú orin tí Paul Simon fi sọ àwo rẹ̀ ti ọdún 1986 lórúkọ, Graceland, gìtá kan ń fà lọ gùnrẹrẹ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá yí páálí àwo náà padà á ní ará Nashville kan ló ta á. Demola Adepoju ni, ọmọ Yorùbá tó ń ta gìtá Hawaii fún King Sunny Adé nínú ẹgbẹ́ African Beats, ìyẹn gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí ẹsẹ̀ irin, tí olórin á máa fi irin yọ̀ lórí wáyà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn páálí ló jẹ́ ká mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn alágbàṣe orin máa ń jà fún, owó iṣẹ́, aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ ojú ọ̀nà, orúkọ lẹ́yìn páálí ló dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Mo sì rò pé àwa Yorùbá, tí a fẹ́ràn kí olórin máa pe orúkọ wa lójú agbo, a kò náání orúkọ ẹni tó lu ìlù tí wọ́n fi ń pè wá.

Ní Detroit, ilé iṣẹ́ Motown ní àwọn olórin tó ń wọ sítúdíò lójoojúmọ́, Funk Brothers ni wọ́n ń jẹ́. Láti 1959 ni wọ́n ti wà lẹ́yìn orin tí gbogbo ayé ń jó sí, ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí Marvin Gaye gbé What's Going On jáde ní 1971 ni orúkọ wọn tó hàn lórí páálí àwo ńlá Motown. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà kó lọ sí Los Angeles, ó sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ sí Detroit. Ó di 2002 kí fíìmù kan tó sọ ìtàn wọn fáráyé gbọ́.

Tiwa yàtọ̀. Nínú jùjú, ọ̀gá ló ni gìtá, òun ló ni áńpìlífáyà, òun ló ni bọ́ọ̀sì, òun ló sì dá aṣọ tí gbogbo wọn wọ̀. Ọmọ ẹ̀yìn mú ọwọ́ rẹ̀ nìkan wá ni. Christopher Waterman, tó bá àwọn olórin jùjú rìn ní Ìbàdàn, ṣàlàyé àjọṣe ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn yìí nínú ìwé rẹ̀, Jùjú, tó jáde ní 1990. Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, àwo kì í mú owó gidi wọlé. Ìpolówó ni, kí àwọn olówó lè ránṣẹ́ pe ọ̀gá wá sí ìnáwó wọn. Lójú agbo ni owó wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀gá níwájú orí. Ọmọ ẹ̀yìn kan á máa ṣà á, ọ̀gá á sì pín in bó ṣe tọ́ lójú tirẹ̀. Nígbà tí olórin jùjú I. K. Dairo gba oyè MBE ní 1963, oyè ẹnìkan ni. Kò kan ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Spots.

Kí n má ba àwọn ọ̀gá jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ alágbàṣe lọ́wọ́ ẹlòmíì. Sunny Adé fúnra rẹ̀ ní láti bá Olóyè Bolarinwa Abioro, tó ni ilé iṣẹ́ àwo African Songs, ṣẹjọ́ láàárín àwọn ọdún 1970 kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn tó bá a ṣe. Ẹni tó ti wà lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ó tún di ọ̀gá àwọn mìíràn.

Ẹ gbé àwo jùjú kan láti ìgbà yẹn sórí ẹ̀rọ. Ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, orúkọ á sì máa wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́: oníṣòwò aṣọ, kọ́ńtírátọ̀, ìyá ọlọ́jà, ẹgbẹ́ sósáyẹ́tì, ìyàwó wọn, ọmọ wọn, oríkì wọn. Onígángan á tún wọn pè tẹ̀ lé e. Ẹni tó náwó sin bàbá rẹ̀ ti wà nínú àwo títí ayé. Ta ló wá ta gìtá tẹ́nọ̀? Ta ló lu àkúbà? Ọ̀rọ̀ onígángan yìí ló dùn mí jù. Ó ní ohun èlò tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀ ní gbangba, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n sì sanwó fún un láti máa sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ka Juju Music, àwo Sunny Adé, sí ju bí àwọn alárìíwísí kan ṣe kà á sí lọ, àwọn tó ní wọ́n ti gé orin náà kúkurú fún etí òyìnbó. Island Records ló gbé e jáde ní 1982, Martin Meissonnier ló ṣe kòkárí rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì ní orúkọ nínú rẹ̀: Rasaki Aladokun nídìí gángan, Segun Ilori àti Bob Ohiri nídìí gìtá, Demola Adepoju nídìí gìtá Hawaii. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún Demola dé ọ̀dọ̀ Paul Simon. Lẹ́yìn àwo Aura ní 1984, African Beats tú ká, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú ohun tó tú wọn ká. Ẹni tí ayé ti mọ orúkọ rẹ̀ lè rí ibòmíì lọ.

Ọ̀rọ̀ Tony Allen, onílù Fela, tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ kò fara sin. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe ní Èkó kó tó gbájú mọ́ ìlù. Ó ka ohun tí onílù Max Roach kọ nípa hi-hat, sáńbálì méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì jókòó ti ẹ̀kọ́ náà. Láti ìgbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos ló ti wà lọ́dọ̀ Fela. Nínú Africa 70, ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, Fela ló ń sọ ohun tí onífèrè àti onígìtá yóò ṣe fún wọn. Tony ló ń dá tirẹ̀ gbé kalẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí "Water No Get Enemy" ti 1975. Ẹsẹ̀ kì í sọ̀ sórí ìlù bàsì níbi tí etí ti ń retí rẹ̀, sáńbálì á ṣí fẹ́ẹ́, á tún pa dé, gbogbo rẹ̀ á sì máa lọ láìsí ariwo. Ẹ mú ìlù yẹn kúrò, kí ẹ fi ti rọ́ọ̀kì dípò: fèrè ṣì wà, ọ̀rọ̀ ṣì wà, afrobeat ti lọ. Síbẹ̀, lórí ìwé, Fela nìkan ló ni orin. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohùn orin, ó mọ ọ̀rọ̀ orin. Bí onílù ṣe lu ìlù, iṣẹ́ ọwọ́ ló kà á sí.

Fela náà ní ti ẹnu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe kòkárí Jealousy, àwo tí Tony gbé jáde lórúkọ ara rẹ̀ ní 1975. Ṣọ́jà sun ilé rẹ̀ ní Kalakuta ní 1977, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló sì ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn àjò Berlin ní 1978, Tony kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, owó sì wà nínú ìjà náà.

Ẹ̀rù pé wọ́n á jí orin ẹni tún lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe. Nígbà tí Paul McCartney wá gba Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Èkó ní 1973, Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. McCartney gbé orin náà fún un gbọ́ kó lè rí i pé kò sí ohun tí òun jí. Ọmọ Nàìjíríà tó wá wà nínú àwo náà ni Remi Kabaka, onílù, nínú "Bluebird". London ni wọ́n ti gba tirẹ̀ sílẹ̀.

Mahogany, ní gúúsù ìlà-oòrùn Calgary, ni mo ti ń kọ èyí, lẹ́bàá adágún tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́. Ìnáwó Yorùbá kò wọ́n níhìn-ín. Ọkùnrin kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ti tó gbogbo ẹgbẹ́, onígángan kan á sì dúró tì í, ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń lọ láti Monday dé Friday. Ẹlòmíì á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní bésímẹ́ǹtì, á fi ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n á ta gìtá sí i níbẹ̀, wọ́n á dá a padà. Onígìtá yẹn kò ní rí olórin náà sójú láéláé, owó rẹ̀ á sì wọlé sí báǹkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé láti 1997 ni òfin Kánádà ti fún àwọn tó ṣeré nínú àwo ní ẹ̀tọ́ sí owó tí rédíò ń san: ìdajì fún ẹni tó ni àwo, ìdajì fún àwọn tó ṣeré, ọmọ ẹ̀yìn pẹ̀lú. Àjọ Re:Sound ló ń gbà á fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, nínú owó rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, 50% jẹ́ ti oní-àwo, 45% ti olórin iwájú, 5% pere ló kù fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ kò ní rí èyí pàápàá gbà. WPPT, àdéhùn àgbáyé ti 1996 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣeré, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2017, ti sọ pé ẹni tó ṣeré ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń ní àyè fún un. Orúkọ ara wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin wa ń kọ síbẹ̀, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo.

Nípa onígángan, ẹjọ́ mi kọjá ti ọmọ ẹ̀yìn. Ìlù tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òfin sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ ní olówó. Bó bá jẹ́ òwe gbogbo ìlú ló fi ìlù pa, tàbí oríkì tí baba ńlá ẹni fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó bá ronú kàn nínú sítúdíò, tí kò sí lẹ́nu ọ̀gá, tí àwọn elégbè sì wá ń gbà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ sì yẹ kó wà níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ẹni tó kọ orin.