"Noted"

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wá kí mi ní Òkè-Arò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọ mọ́tò. Ó na fóònù sí mi: "Prof, ẹ bá mi ka eléyìí." Ó ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ibi iṣẹ́ wọn pé ìyá òun wà ní ọsibítù, òun ò ní lè wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá rẹ̀ fèsì: "Noted." Àwọn tó kù kà á, ẹnìkan fi àtàǹpàkò ránṣẹ́, ó parí. Látìgbà náà, kì í bá wọn jẹun ọ̀sán mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ kan yẹn (ẹ̀yin tí mo fi gírámà yọ lẹ́nu nígbà kan, ẹ má bínú). "Noted" ò ní olùwà, kò sì ní àbọ̀. Ta ló gbọ́? Kí ló gbọ́? Lédè tiwa, ẹni tó bá ní "ẹ pẹ̀lẹ́" tàbí "pẹ̀lẹ́" ti yan ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ná. "Noted" ò yan ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní fóònù ló fà á, pé ọ̀rọ̀ tí kò lóhùn ò lè ní ìfẹ́. Mi ò gbà. Ṣé àrokò lóhùn ni? Owó ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbà á bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àrokò ní ìránṣẹ́ tó ń gbé e lọ. Ìránṣẹ́ rí ojú ẹni tó gbà á, á sì padà wá ròyìn. Àmì búlúù méjì tí WhatsApp gbé jáde lọ́dún 2014 fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ yẹn, àmọ́ ìdajì ló ṣe: ó ní wọ́n ti kà á, kò sọ bí ojú wọn ṣe rí. Ọmọ yìí wá fúnra rẹ̀ fi ìkórìíra dí ìdajì tó kù.

Mo bi í pé, "Nígbà tí obìnrin kan bímọ níbi iṣẹ́ yín, kí nìwọ kọ?"

Ó wá a lọ títí, ó rí i. Àtàǹpàkò ni.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dákẹ́, ó jáde sí ìta. Mo gbọ́ tó ń pe ẹnìkan: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ọmọ ńkọ́?"