Òjìji Tó Di Òkè

Iṣẹ́ ère ni mo ń ṣe, nǹkan tó ṣeé fọwọ́ bà ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwòrán àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe irú ìyẹn. Yíǹkì, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń yà á. Bí omi bá pọ̀ nínú yíǹkì, òkè á wọ inú kùrukùru lọ. Bí kò bá pọ̀, àpáta á yọ ketekete. Ibi tí ayàwòrán kò fọwọ́ kàn rárá, odò tàbí ìkùukùu ni. Báwo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe fẹ́ gbẹ́ kùrukùru?

Xu Bing, tí wọ́n bí ní Chongqing ní 1955, rí ọ̀nà gbé e gbà. Nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, Background Story, àpótí ńlá ló máa ń kàn. Iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì bí irú èyí tí à ń fi sí fèrèsé ilé ìwẹ̀, iná á sì máa tàn láti ẹ̀yìn. Háríhá àgbàdo, ewéko gbígbẹ, ìwé ìròyìn àti ọ̀rá ló ń tò sáàárín. Òjìji wọn là ń wò lójú gíláàsì bí òkè àti igi.

Mo fi ẹ̀ka ọsàn dán an wò lẹ́yìn irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fara tì í, mo lè ka ẹ̀gún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sún un sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀gún pòórá, ẹ̀ka di àwọ̀ eérú. Iṣẹ́ tí omi ń ṣe fún ayàwòrán, àlàfo ló ń ṣe é níhìn-ín.

Berlin ni Xu Bing ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ iṣẹ́ náà ní 2004, ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ lọ sí Soviet nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Fọ́tò àwọn àwòrán tó sọnù ló wò ṣe òjìji wọn. Ní 2011, ní British Museum ní London, àwòrán tí Wang Shimin, ayàwòrán ará Ṣáínà, yà ní 1654 ló ṣe. Kò bo ẹ̀yìn àpótí náà. Ènìyàn lè yí po, kó lọ rí pàǹtí tó so mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní àdàkọ lásán ni. Wang Shimin fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ayàwòrán Huang Gongwang tó ti kú láti 1354 ló ń wò kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jogún iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó lọ sẹ́yìn àpótí náà, kó fi òkè kan ṣoṣo hàn mí níbẹ̀.