Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Lẹ́yìn Ilé ní Ìkòròdú

Orí pákó nínípọn ni wọ́n de ẹ́ńjìnnì náà mọ́, lẹ́yìn ilé kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà ní Ìkòròdú. Johnson Sea-Horse ni, agbára ẹṣin 5.5, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Waukegan ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà nígbẹ̀yìn ti wọko gbèsè ní ọdún 2000. Bàbá tó ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi jẹun rí. Ní báyìí, ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Wọn ò kọ́kọ́ mú okùn rẹ̀ fà. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, wọ́n kán ọ́ìlì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ríìngì tó ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà lè ha ara ògiri rẹ̀ bí a bá fi agbára fà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí fláìwíìlì díẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n tún yí i. Ó gbéra.

Bóòtù ló kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọ inú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa jẹ àlùmíníọ̀mù níbi tó bá ti kan irin, títí ìyẹ̀fun funfun yóò fi dí ojú bóòtù pa. Bàbá ò fi iná mú bóòtù fúnra rẹ̀ gbóná. Àlùmíníọ̀mù tó yí i ká ni wọ́n fi iná mú gbóná, nítorí òun ló ń fẹ̀ ju irin lọ bó bá gbóná. Wọ́n fi hámà kékeré kan bóòtù lórí, wọ́n fi sípánà kọ́ ọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n kọ́kọ́ dè é sí i, bí irun orí báyìí, kí wọ́n tó tú u. Ó dún kíín. Wọ́n dúró, wọ́n kán ọ́ìlì sí i, wọ́n dè é padà, wọ́n tún tú u.

“Bó bá ń ké, ó ń bọ̀ nìyẹn,” ni wọ́n wí fún ọmọ iṣẹ́ wọn. “Bó bá dákẹ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójijì, jáwọ́. Ó fẹ́ já ni.”

Ìdí fláìwíìlì ni mo ti jókòó pẹ́ jù. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní bátìrì. Mágínẹ́ẹ̀tì inú fláìwíìlì ló ń kọjá lára kọ́ìlì méjì tí iná púlọ́ọ̀gì fi ń wá. Bàbá tú nọ́ọ̀tì àárín, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́ tán: wọ́n jẹ́ kó bá orí ọ̀pá dọ́gba, kí eyín ọ̀pá má baà fọ́. Wọ́n de púlà mọ́ ihò mẹ́ta tó wà lójú fláìwíìlì, wọ́n sì ń fún bóòtù àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi irin wọ́ ọ létí, nítorí yóò tẹ̀. Ó dún pọ́, ó sì dìde. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń so ó mọ́ ọ̀pá ni wọ́n kọ́kọ́ wá, wọ́n wé e sínú àkísà, nítorí òun ló ń jẹ́ kí iná bọ́ sí àsìkò.

Ara kọ́ìlì méjèèjì ti sán. Wọ́n fi tuntun sí i. Wọ́n fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ gbo ojú pọ́ìǹtì, irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà iná kọ́ìlì dé, wọ́n sì fa bébà gbígbẹ kọjá láàárín rẹ̀, torí ọ̀rá ìka lásán lè dí iná. Wọ́n yí ọ̀pá títí pọ́ìǹtì fi yanu dé ibi tó lè yanu dé, wọ́n ti fíìlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, bọ ibẹ̀: ìdá 20 nínú 1,000 ínǹṣì, nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Irin náà gbọ́dọ̀ kọjá pẹ̀lú ìfà díẹ̀. Wọ́n dè é, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, nítorí súkúrù a máa fà á sún bí a bá ń fún un. Ó ti sún. Wọ́n tú u, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kábúrẹ́tọ̀ kò gba àkókò: wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ ihò rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ní ìsàlẹ̀, rọ́bà tó ń fa omi ìtutù ti gan, gbogbo apá rẹ̀ ti tẹ̀ síbì kan. Bí wọ́n ṣe ń ti ilé rẹ̀ bọ orí tuntun ni wọ́n ń yí ọ̀pá síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí, kí apá rọ́bà lè tẹ̀ sí ọ̀nà tó yẹ. Ọ́ìlì gíà tó jáde funfun bí ẹ̀kọ mímu. Omi ti wọ̀ ọ́. Wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n sì fún ọ́ìlì tuntun láti ihò ìsàlẹ̀ títí ó fi yọ lókè, kí atẹ́gùn lè jáde. Súkúrù òkè ni wọ́n kọ́kọ́ dè, kí ti ìsàlẹ̀ má baà dà sílẹ̀ púpọ̀.

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Lítà ọ́ìlì kan sí lítà bẹntiróòlù 24 ni wọ́n pò; àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní a máa gba 1 sí 50, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí ò ní gbà. Wọ́n fa okùn. Ó wúkọ́, èéfín búlúù bo ọgbà, ó sì mú. Bàbá gbé ọwọ́ lé orí sílíńdà, wọn ò sì gbé e kúrò. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò jóni, wọ́n yí ṣóńṣó kábúrẹ́tọ̀ wọlé títí ẹ́ńjìnnì fi fẹ́ kú, wọ́n yí i jáde díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dọ́gba.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa kùn ún. Wọ́n ní rárá, ọ̀dà lójú bóòtù ń dá ìyà sílẹ̀ fún ẹni tó máa tú u lọ́la. Gíríìsì ni wọ́n fi pa ọ̀pá pùròpẹ́là àti píìnì kékeré inú rẹ̀, èyí tó máa ń kán bí igi abẹ́ omi bá gbá a, kí gíà má baà fọ́. Wọ́n fi okùn so píìnì méjì mìíràn mọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì.