Àdídùn Lójú, Ẹkún Nínú: *A Long Vacation* ti Eiichi Ohtaki

Àwọn kan gbà pé orin tó bá ti dùn jù kò lè jinlẹ̀. Wọ́n á ní àdídùn ni, béèyàn bá ti lá a tán, ó parí nìyẹn. A ò gbà. Ẹ jẹ́ ká fi àwo orin kan já wọn nírọ́: *A Long Vacation*, tí Eiichi Ohtaki gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ọdún 1981.

Ohtaki kì í ṣe ọmọ àná nígbà yẹn. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Happy End, àwọn tó ń fi èdè Japan kọ rọ́ọ̀kì nígbà táwọn èèyàn ṣì ń jiyàn bóyá ó ṣeé ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, ó dá Niagara sílẹ̀, ilé orin tirẹ̀, ó sì ń ṣe ohun tó wù ú níbẹ̀.

Kí ló wá ṣe nínú àwo yìí? Ó padà sẹ́yìn. Ó lọ bá orin pọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1960, pàápàá ọgbọ́n Phil Spector: kó olórin jọ fọ́fọ́ sínú yàrá kan, kí gìtá bíi mélòó kan máa ta ohun kan náà pọ̀, kí píánò má jẹ́ ẹyọ kan, títí ohùn gbogbo á fi di ọ̀kan. Ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́, "Kimi wa Tennenshoku". Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n ń tún ohùn èlò orin ṣe, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á ya lù yín bí ìgbì òkun.

Ṣé olè nìyẹn? Àwa tá à ń fi kóòdù jẹun mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Orí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú la máa ń kọ́lé sí. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, kí lo fi kún un? Ohùn ni Ohtaki fi kún un. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, kò pariwo rárá. Ńṣe ló ń kọrin bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí yín létí.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọni lára nìyí. Takashi Matsumoto, onílù Happy End àtijọ́, ló kọ ọ̀rọ̀ orin mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Lásìkò yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin kú. Ó ní kí Ohtaki wá ẹlòmíì. Ohtaki kọ̀, ó ní òun á dúró dè é. Àwo tó yẹ kó jáde ní 1980 wá sún sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Matsumoto sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí àbúrò òun kú, dúdú àti funfun ni ìgboro dà lójú òun. Àwọ̀ àdánidá sì ni "tennenshoku" túmọ̀ sí. Ẹ ti rí i báyìí: orin tẹ́ ẹ rò pé ìfẹ́ lásán ni, ẹnìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ kí àwọ̀ padà sáyé òun. Bọ́rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín.

Ẹ wá wo èèpo àwo náà tí Hiroshi Nagai yà. Odò ìwẹ̀, igi ọ̀pẹ, ojú ọ̀run tó mọ́ roro. Kò séèyàn kankan níbẹ̀. Ta ló wá lọ ìsinmi?

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló péye o. "Pap-Pi-Doo-Bi-Doo-Ba Monogatari", tí Ohtaki fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì dá ìrònú wa dúró lójijì. Àwọn obìnrin inú orin wọ̀nyí náà kì í fèsì: à ń rántí wọn ṣáá ni.

Síbẹ̀, ó yẹ ní gbígbọ́. Ohtaki kú lóṣù Kejìlá 2013, àmọ́ láti 2021 ni àwo yìí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún adùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì fún ẹni tí kò sí nínú àwòrán yẹn.