Ta Ni Yóò Lu Bàtá Rẹ̀?

Kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni ọ̀rọ̀ eré ìparí ọdún ti máa ń gba ẹnu àwa tí a fẹ́ràn tíátà ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì. Oṣù Kejìlá ni àwọn agbátẹrù eré l'Ékòó máa ń tú iṣẹ́ wọn síta jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Àjíǹde. Pátákó ìpolówó kankan kò tíì jáde tí àbá ti ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹnìkan á ní Mọremí ni wọn yóò tún gbé padà, ẹlòmíràn á ní Fẹlá ni, àgbàlagbà kan á sì rọra dá sí i, á bèèrè ìgbà tí a óò tún rí Ọba Kòso gidi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ọba Kòso báyìí, ìbéèrè tó kàn kì í yẹ̀: ta ni yóò ṣe Ṣàngó? Ní tèmi, ẹni tí yóò lu bàtá rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Nínú eré yẹn, òṣèré ni onílù, ipa rẹ̀ sì tóbi ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀ ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1963, ní gbọ̀ngàn àṣà Mbárí Mbáyọ̀. Nígbà tó fi di ọdún kejì, eré náà ti dé Berlin. Ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1961, Ládípọ̀ ti gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nínú ìjọ sì fajú ro. Kò ju ìlù náà nù. Ó gbé e lọ sí orí ìtàgé, ó sì fi bàtá, ìlù Ṣàngó fúnra rẹ̀, sọ ìtàn Ṣàngó. Mo ka ìpinnu yìí sí ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́gbọ́n jù lọ nínú ìtàn tíátà wa. Ìlù tó ń ki òrìṣà náà lójúbọ ló ń kì í lórí ìtàgé, ẹni tó bá sì mọ ojúbọ yóò gbọ́ ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní gbọ́.

Ẹ wo ìyáàlù bàtá dáadáa bí ẹ bá rí i. Ojú méjì ló ní, ojú òjò tó fẹ̀ àti ṣáṣá tó kéré. Ìda dúdú wà lára awọ ojú òjò, òun ló ń mú ohùn rẹ̀ wúwo, tí kì í jẹ́ kó máa han gooro. Saworo yí i ká. Onílù á fi ọwọ́ lásán lu ojú òjò, á fi bílálà awọ na ṣáṣá. Dùndún ní ọṣán tí a lè fún tàbí kí a dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì gòkè, á sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ènìyàn. Bàtá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni yóò wá ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ láàárín ara wọn: nígbà míì ọwọ́ á tẹ̀ mọ́ awọ, nígbà míì á ta kúrò, wọ́n á bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ọ̀kan dá lọ. Omele abo á máa bá ìyáàlù gbé ọ̀rọ̀ náà, omele akọ àti kúdi á di ìdí ìlù mú. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí onílù tó parí ẹyọ oríkì kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bàtá fi ń ta kókó létí, tí àwọn ọmọ Àyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí Lámidì Àyánkúnlé ti jáde tó gbé bàtá káàkiri ayé, ni mo máa kọ́kọ́ rán agbátẹrù eré lọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ gbajúmọ̀ òṣèré kankan.

Níbi tí Ṣàngó bá ti fẹ́ wọlé ni mo máa ń tẹ́tí sí jù. Onílù ló ń pè é. Yóò kì í, yóò dá dúró, yóò tún kì í. Òṣèré tí kò gbọ́ ìlù á sáré jáde nítorí pé iná ti tàn. Ẹni tó gbọ́ ọ á dúró de gbólóhùn tó kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì balẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó èémí kan, síbẹ̀ òun ló ń fi hàn bóyá ọba ló wọlé tàbí ẹni tó kàn wọ aṣọ ọba. Tí a bá dé ìjà Tìmì àti Gbọ́nkáà, balógun Ṣàngó méjèèjì, l'Ẹ́dẹ, iṣẹ́ náà yí padà. Ọfọ̀ ló ń jà níbẹ̀. Onílù tó mọṣẹ́ á dẹ ọwọ́, á fi àyè sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè balẹ̀, á wá fi ìlù ẹyọ kan ṣoṣo gbe èyí tó bá mú ọ̀tá. Mo bẹ ẹ̀yin olùdarí tó ń gbèrò eré yìí, ẹ má fi ariwo inú kọ̀ǹpútà dí àyè yẹn. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ṣáṣá jù, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ ìlù á di pá-pá-pá. Gbogbo ènìyàn ló ń rántí iná tí Ládípọ̀ ń yọ lẹ́nu nígbà tó ń ṣe Ṣàngó, ó sì yẹ kí wọ́n rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlù kò bá ti kọ́kọ́ gbóná, iná yẹn kò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Ọ̀jáfáfá ni àwọn tó bá Ládípọ̀ ṣiṣẹ́ náà. Múráínà Oyèlámì, ayàwòrán ńlá, wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà sì jẹ́ ọ̀gá nínú lílu dùndún àti bàtá. Jímọ̀ Bùráímọ̀, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nípa fífi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, ló ń bójú tó iná orí ìtàgé wọn. Ẹ rò ó wò: ojú tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára àwòrán, òun náà ló ń to iná sára Ṣàngó. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní ìwé ní 1972, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò sọnù. Bí ọwọ́ ṣe ń sọ ọ́ ni kò sí bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Bí ẹ bá ní kí n dá àbá lórí èyí tó ṣeé ṣe jù, Fela and the Kalakuta Queens ti Bọ́láńlé Austen-Peters ni mo máa mú. Eré SARO ló fi lànà ní 2013. Wakaa dé Shaftesbury Theatre ní London ní 2016. Ní 2017 ló gbé ti Fẹlá jáde ní Terra Kulture, Mọremí sì tẹ̀ lé e ní 2018. Èyí tó jẹ́ ti àwọn ayaba Kalakuta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ègbè ló gbé síwájú: àwọn obìnrin 27 tí Fẹlá fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń gbè. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó wá ibi tí yóò ti rí onílù. Tony Allen ló fi ìpìlẹ̀ ìlù Afrobeat lélẹ̀: ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tí kò sí èyí tó ń kígbe. Bí onílù bá ń fi agbára lù ú, ìbàdí àwọn oníjó á le. Bí ó bá rọra gbé e, wọ́n á jó dénú.

Ó ń dùn mí pé Erékùṣù, níbi tí Terra Kulture wà, la ń lọ wo eré yìí. Ẹni tó bá gba Agége Motor Road láti Òṣòdì, tó kọjá Mùṣin dé Ìdí-Òrò, ti dé agbègbè tí Kalakuta, ilé Fẹlá, wà kí àwọn sójà tó jó o ní 18 oṣù Kejì 1977. Àdúgbò wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n ti tún gbọ̀ngàn Ìgànmú ṣí ní oṣù Kẹwàá 2025, tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Réluwéè láti Òṣòdì á gbé wa dé Ọ̀yìngbò, ibi tó kù kò jìnnà. Ní ti Ọba Kòso, gbọ̀ngàn kékeré tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ìgàndò ni mo fẹ́ fún un. Ibi tí ènìyàn ti lè rí bílálà lọ́wọ́ onílù ló yẹ ẹ́.

Yorùbá Ronú ti Hubert Ògúndé, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964, kò lè jìnnà sí ọkàn àwọn agbátẹrù bí ìdìbò 2027 ṣe ń bọ̀. Ó yẹ kí a rí i. Mo kàn ń bẹ̀rù pé wọn yóò sọ ọ́ di ìwàásù, kí wọ́n sì gé orin àti ijó ìṣíde tí Ògúndé fi ń kó èrò mọ́ra kúrò níbẹ̀.

Tí ó bá wá jẹ́ eré tuntun, Òṣòdì Tápà ni mo máa dárúkọ, ẹni tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ Tápà ni, ó dé Èkó ní kékeré, ó dàgbà lọ́dọ̀ Ọba Òṣìnlókun, ó di balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Ó wà lára àwọn tó ṣáájú ogun nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń rọ̀jò ìbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ó bá ọba rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n padà ní 1862, ó tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí Epétédó, ó sì kú ní 1868. Ẹ wo iye ìlù tó wà nínú ìgbésí ayé kan: gbẹ̀du láàfin, sámbà àwọn Àgùdà, àti ìlù Igunnukò, eégún tí àwọn Tápà gbé wá sí Èkó. Igunnukò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ rí jù lórí ìtàgé. Aṣọ gíga gbọọrọ ni, tó ń ga sí i, tó ń wálẹ̀, tó ń yí, tó tún ń nà ró lójijì, ìlù ló sì ń darí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìtàgé kankan kò lè fi òpó àti aṣọ ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Agbátẹrù tó bá fẹ́ àbá yìí, kó lọ bá àwọn ìdílé tó ni iṣẹ́ náà ní Epétédó kó tó pe akọrin kankan, kó bèèrè ohun tí ojú gbogbo ènìyàn lè rí, kó fi èyí tó jẹ́ awo sílẹ̀ fún wọn, kó san owó òṣèré fún wọn, kó sì kọ orúkọ onílù sí òkè ìwé eré níbi tí orúkọ òṣèré wà.