Àwòrán Iléyá láti Òkè Ìdánrè

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan ní Ìjàre kó àwọn àwòrán tí ó yà ní Òkè Ìdánrè nígbà ìsinmi Iléyá wá fún wa. Mo kí i. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gba gbogbo àyè. Bí ó bá jẹ́ Òkè Olúmọ ni wọ́n lọ, ta ni ìbá mọ̀? Òkè tí UNESCO ti kọ sílẹ̀ láti 2007 láàrin àwọn ibi tí a dábàá fún ogún àgbáyé! Ààfin àtijọ́ dà? Kóòtù àtijọ́ ńkọ́? (Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 kì í ṣe ohun à ń gùn lásán.)

Ọ̀kan ṣoṣo ló wọ̀ mí lọ́kàn: ìyá àgbàlagbà kan jókòó sinmi lórí àtẹ̀gùn, ó di gèlè rẹ̀ mú nínú afẹ́fẹ́. Mo bi í bóyá ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí èyí tí ó dára jù níhìn-ín.